Ọmọ Ìyá Kan, Ìwà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì àti Fóònù Ọwọ́ Wọn

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun kan tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, èyíinì ni fóònù tí àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ ní yunifásítì, àti àwọn ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn pàdé, bíi Facebook, WhatsApp, Instagram àti TikTok. A kò fẹ́ bú ọmọ kankan, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ bú fóònù. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí: kí ló dé tí fóònù kan náà fi ń ṣe ọmọ kan lóore, tí ó sì ń ba inú ọmọ kejì jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Ìyá yìí ní ọmọbìnrin méjì ní yunifásítì. Èyí ẹ̀gbọ́n kì í gbé fóònù sílẹ̀. Bí ó bá wà nílé, ẹ̀rín rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́, ó ń gbé fọ́tò sójú òpó, òun náà ni ó ń darí ẹgbẹ́ WhatsApp ti kíláàsì wọn. Èyí àbúrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í gbé fọ́tò síbẹ̀, kì í pariwo. Á kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbé síbẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni ìyá ń bá ẹ̀gbọ́n wí, tí ó sì ń fi àbúrò ṣe àpẹẹrẹ fún un: "Ṣé o kò rí àbúrò rẹ bí ó ṣe fara balẹ̀ ni?" Nígbà tí ó sú u, ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ìdánwò jáde, ẹ̀gbọ́n yege. Àbúrò ni ó kùnà nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí kò ti lọ sí kíláàsì déédéé mọ́, kì í sì í sùn lóru. Ìyá àgbà ilé náà ni ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó jókòó tì í títí tí ó fi sọkún. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń tẹ̀síwájú, òun nìkan ni òun ń rìn sẹ́yìn, alaalẹ́ ni òun sì ń wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ìyá náà wí fún wa pé, "Èyí tí kò níṣòro ni mo ń bá jà. Èyí tí ó ń rì, mò ń yìn ín." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

1. ILÉ Ẹ̀KỌ́ GÍGA NI Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Bí a bá ń sọ pé àwọn ọmọ yunifásítì fẹ́ràn ojú òpó wọ̀nyí jù, ẹ jẹ́ kí a rántí pé nítorí tiwọn ni a ṣe dá èyí tí ó lókìkí jù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2004, Mark Zuckerberg, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ṣí Facebook. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard nìkan ni ó lè wọ ibẹ̀ nígbà náà. Láìpẹ́ ó dé Stanford, Columbia àti Yale, ó sì ń tàn láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan dé òmíràn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn olùwádìí ti kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn ìwádìí tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín wá láti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Jámánì. Àwọn ọmọ tiwa kò bá tiwọn dọ́gba nínú ohun gbogbo. Tiwa ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Síbẹ̀, ẹ̀dá kan náà ni gbogbo wa, ohun tí wọ́n rí yóò sì ràn wá lọ́wọ́.

2. ÌWÀ MÁRÙN-ÚN TÍ A FI Ń MỌ ÈNÌYÀN YÀTỌ̀ SÍRA

Ní ọdún 1936, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Henry Odbert, ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàpèjúwe ènìyàn jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ń to àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ bíi Lewis Goldberg, Paul Costa àti Robert McCrae fi hàn pé a lè kó púpọ̀ nínú wọn sábẹ́ ìwà márùn-ún:

(a) Ọ̀yàyà: bí ara ẹni ṣe yá mọ́ ènìyàn tó. Ọlọ́yàyà ń gba agbára láàrin èrò, ẹni tí ó dákẹ́ sì ń gba tirẹ̀ níbi tí ó dá wà.

(b) Àìbalẹ̀ ọkàn: bí ọkàn ẹni ṣe ń tètè gbọgbẹ́ tó, bí ẹni ṣe ń ṣàníyàn tó.

(d) Ìwà létòlétò: bí ẹni ṣe ń ṣètò ara rẹ̀, tí ó ń parí ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀, tí ó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

(e) Ìwà pẹ̀lẹ́: bí ẹni ṣe ń gba tẹlòmíràn rò, tí kì í fẹ́ ìjà.

(ẹ) Ìfẹ́ ohun tuntun: bí ẹni ṣe ń tọpinpin, tí ó ń fẹ́ mọ ohun tí kò mọ̀ rí.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe oríṣi ènìyàn márùn-ún ni èyí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní márààrún, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí gíga wa ti yàtọ̀. Àwọn àgbà wa náà mọ èyí tipẹ́, wọ́n ní ìka kò dọ́gba.

3. OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Kí Facebook tó dé ni Robert Kraut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ti ń wo ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe nínú ilé àwọn ènìyàn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, wọ́n rí i pé bí àwọn ọlọ́yàyà ṣe ń lò ó sí i ni wọ́n ń ní ẹlẹgbẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tí kì í yára mọ́ ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń lò ó sí i ni ó túbọ̀ ń ṣe wọ́n bí ẹni tí ó dá nìkan wà. Ó dà bí ọjà: ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ kí ó tó wọ ibẹ̀ ni ó ń jèrè, ẹni tí kò mú nǹkan lọ a máa fi òùngbẹ bọ̀.

Nígbà tí Facebook dé, àwọn olùwádìí ní Kánádà rí i ní ọdún 2009 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọlọ́yàyà ń wọ ẹgbẹ́ púpọ̀ ju àwọn ẹlòmíràn lọ lórí rẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń ṣe lójú agbo náà ni wọ́n ń ṣe lójú òpó.

Ní ti àìbalẹ̀ ọkàn, ìwádìí lórí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn tí ọkàn wọn kì í tètè balẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣòro fún láti gbé e sílẹ̀. Wọ́n ń wá ìtùnú níbẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá ẹnìkan ti dá wọn lóhùn, bóyá ẹnìkan ti gbàgbé wọn. Ní ti ìwà létòlétò, òdìkejì rẹ̀ ni: ẹni tí ó bá ní in kì í sábà jẹ́ kí ojú òpó gba àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, ibẹ̀ ni ó ń sá sí nígbà tí iṣẹ́ bá ń pè é. Ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìfẹ́ ohun tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ sọ iye àkókò tí ènìyàn yóò lò níbẹ̀.

Ṣé kí ọmọ tí ó jẹ́ onítìjú wá jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá? Rárá. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan, Nicole Ellison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ 286 sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n rí i pé àwọn tí kò ka ara wọn sí gan-an ni lílo Facebook ṣí ọ̀nà fún jù láti mọ àwọn ènìyàn ní yunifásítì náà. Ọmọ tí kò lè dìde kí ẹlòmíràn nínú kíláàsì lè kọ̀wé sí i ní alẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni olùkọ́ ní kí a kà?" Láti ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò pin síbi ìwà nìkan. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí a kàn máa wo ènìyàn.

4. OHUN TÍ OJÚ ÒPÓ KÒ LÈ FI HÀN WÁ

Àwọn kan nínú wa ti sọ pé, "Èmi ń wo ohun tí ọmọ mi ń gbé sójú òpó, mo mọ bí ó ti ń ṣe." Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Ní ọdún 2010, Mitja Back àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ọ̀dọ́ 236 ní Amẹ́ríkà àti Jámánì. Wọ́n fi ojú ìwé wọn han àwọn àjèjì, wọ́n ní kí wọ́n sọ irú ènìyàn tí ẹni tí ó ni ín jẹ́. Àwọn àjèjì náà sọ òótọ́ dáadáa. Wọ́n mọ ọlọ́yàyà, wọ́n mọ ẹni tí ó fẹ́ràn ohun tuntun. Ohun tí ó ṣòro fún wọn jù láti rí ni àìbalẹ̀ ọkàn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá lọ́kàn. Ohun tí ó yẹ kí ìyá mọ̀ jù ni ojú òpó ń fi pamọ́ jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ni inú rẹ̀ dùn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dákẹ́ ni ara rẹ̀ balẹ̀.

Ní Yunifásítì Michigan, Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀dọ́ 82 fún ọjọ́ 14, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù wọn láti bi wọ́n léèrè bí ara wọn ti rí. Bí wọ́n bá ṣe lo Facebook tó ni inú wọn ń bàjẹ́ tó nígbà tí a bá tún bi wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bá ènìyàn pàdé lójúkojú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣìnà nígbà tí wọ́n sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

5. KÌ Í ṢE Ẹ̀BI ỌMỌ NÌKAN

Bí a bá dúró síbi ìwà nìkan, a ó dá ọmọ lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí pé Facebook kò dé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan náà, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Luca Braghieri, Ro'ee Levy àti Alexey Makarin, lè fi àwọn tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn wé àwọn tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé níbi tí ó bá ti dé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i. Fífi ara ẹni wé ẹlòmíràn ni wọ́n rò pé ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ojú òpó wọ̀nyí kò ní òpin bí ìwé. Bí o ti ń fi ìka yí i sókè ni òmíràn ń yọ, nítorí àkókò tí a bá lò níbẹ̀ ni àwọn tí ó ni wọ́n fi ń ta ìpolówó ọjà.

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì, ẹgbẹ́ ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi jókòó sílé. Fóònù nìkan ni kíláàsì, ọgbà àti ọ̀rẹ́ wọn. Ta ni yóò wá sọ pé ìwà wọn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìwà kì í ṣe kádàrá. Àwọn tí ó ń ṣèwádìí lórí àwọn ìbejì sọ pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìwà àwọn ènìyàn ni ó bá wọn wá látinú ẹ̀jẹ̀. Ìyókù wá láti inú ìgbésí ayé wọn. Wọ́n sì ti rí i pé láti ọmọ ogún ọdún lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń létò sí i, ọkàn wọn sì ń balẹ̀ sí i. Ọmọ tí ó ń dà wá láàmú lónìí kò tíì dàgbà tán.

6. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, kí a mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí a tó ṣe òfin. Òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ dà bí aṣọ kan ṣoṣo tí a rán fún gbogbo ilé. Ẹnìkan ni yóò bá mu.

Èkejì, kí a yí ìbéèrè wa padà. Dípò "Wákàtí mélòó lo ti wà lórí fóònù yẹn?" ẹ jẹ́ kí a béèrè pé, "Ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí?" àti pé, "Báwo ni inú rẹ ti rí nígbà tí o gbé e sílẹ̀?" Ìbéèrè kejì yìí ni yóò sọ òótọ́ fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí a dín in kù, kí a má fi agbára gbà á. Ní Yunifásítì Pennsylvania, Melissa Hunt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ 143 ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ní kí apá kan máa lo ìṣẹ́jú 10 péré lóòjọ́ lórí Facebook, ìṣẹ́jú 10 lórí Instagram àti ìṣẹ́jú 10 lórí Snapchat, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ̀lára pé wọ́n dá nìkan wà dín kù, àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì wọn pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ara sì tù jù. Àní àwọn apá kejì tí a kò dín tiwọn kù, tí wọ́n kàn ń kíyè sí bí wọ́n ti ń lò ó, àníyàn wọn rọlẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa wo ibi tí fóònù ń kọ àkókò sí, kí ó sì dá òfin tirẹ̀. Èyí tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni yóò pa mọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí fóònù má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Òru ni ọkàn tí kò balẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi jẹ ara rẹ̀ níyà.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọmọ kò bá sùn, tí kò jẹun, tí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tàbí tí ó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì jẹ́ kí ó rí àwọn olùdámọ̀ràn tí ó wà ní yunifásítì rẹ̀. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Àwa tí a ń fi "ẹ kú òwúrọ̀" ránṣẹ́ sí ogún ẹgbẹ́ WhatsApp kí a tó fọ ẹnu, kí ni ọmọ yóò kọ́ lára wa?

Ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀ ti dá fóònù ẹ̀gbọ́n padà, ó sì bẹ̀ ẹ́. Kò gba ti àbúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè é, kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni ó mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ó jọ ń kàwé pọ̀. Nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta yẹn, ó ti yege nínú méjì. Ẹ̀kẹta ṣì kù. Ìyá náà ní òun kò tíì bi í léèrè ìgbà tí yóò ṣe é, pé bí ó ti sùn lóru àná ni òun kọ́kọ́ ń béèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ìwà márùn-ún tí a kà, èwo ni ó pọ̀ jù lára ọmọ rẹ kọ̀ọ̀kan? Báwo ni ó ṣe hàn nínú bí ó ti ń lo fóònù?
2. Ta ni ọmọ tí a ń yìn nínú ilé wa nítorí pé ó dákẹ́? Ìgbà wo ni a jókòó tì í kẹ́yìn?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí a bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù àti kí a kàn máa wò ó?
4. Òfin wo ni àwa ìyá fúnra wa lè ṣe lórí fóònù tiwa kí a tó tún pàdé?

Kí olúkúlùkù wa mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.